Mo ti kúrò lọ́dọ̀ gúrù mi. Ta ni kí n máa bi léèrè báyìí?

Ìbéèrè_Ò_Tán

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi báyìí ti ju ohun tí mo lè dá gbé lọ.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi ni mo wọ ẹgbẹ́ gúrù kan, olùkọ́ nǹkan ẹ̀mí. Ọkàn mi gbọgbẹ́ nígbà náà, ọkùnrin yìí sì bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti mọ̀ mí kí wọ́n tó bí mi. Ó fún mi ní mántrà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí èèyàn á máa pè léraléra bó bá ń ṣàṣàrò, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa jókòó, bí mo ṣe máa mí, àti ìgbà tó yẹ kí n jí. Nígbà tó yá, òun ló ń yan ìwé tí mo lè kà fún mi, òun ló ń sọ ọ̀rẹ́ tó yẹ kí n já sílẹ̀, òun náà ló sì ní kí n má fẹ́ ẹni tí mo nífẹ̀ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Inú mi sì ń dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò sí ohun tó fọkàn ẹni balẹ̀ tó pé kí èèyàn jí láàárọ̀ kó sì mọ̀ pé ẹnì kan wà tí ìdáhùn gbogbo nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó mú mi kúrò kò pọ̀. Obìnrin kan láàárín wa ṣàìsàn. Ó bi gúrù bóyá kí òun lo oògùn tí dókítà kọ fún òun. Gúrù ní gbèsè ayé tó ti lò sẹ́yìn ló ń fi àìsàn náà san, pé bó bá gé e kúrú, yóò tún ayé wá láti san ìyókù. Mo bi gúrù níṣojú gbogbo èèyàn pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Ìbéèrè yẹn nìkan ni. Láti ọjọ́ náà ni ojú tí wọ́n fi ń wò mí ti yí padà. Wọ́n ní ìgbéraga mi ló ń sọ̀rọ̀. Èmi náà ti fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìbéèrè náà.

Mo ti kúrò. Mi ò gba ọlọ́run kankan gbọ́ mọ́, mi ò sì wá ẹ̀sìn mìíràn. Àmọ́ àlàáfíà tí mo rí nínú àṣàrò kì í ṣe irọ́. Mo rí ìmọ́lẹ̀. Ìgbà kan wà tí mi ò mọ ibi tí ara mi parí sí, tí ayé yòókù ti bẹ̀rẹ̀. Bí gúrù bá jẹ́ ẹlẹ́tàn, kí wá ni mo rí? Èyí tó tún ń dà mí láàmú ni pé mi ò lè dá ìpinnu kankan ṣe mọ́. Bí iṣẹ́ kan bá yọjú, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n nítorí mi ò rí ẹni tí mo máa bi bóyá kí n gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Olùkà_Òru

Káàbọ̀, àbúrò mi. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ́lẹ̀ yẹn, torí òun gan-an ni okùn tí wọ́n fi ń so ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́lẹ̀.

Ohun tí o rí, o rí i. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o kò rí i, ì báà jẹ́ ọmọlẹ́yìn, ì báà jẹ́ ẹni tí kò gba nǹkan kan gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ọ̀tọ̀, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ọ̀tọ̀. Ara rẹ ló ṣe ti àkọ́kọ́. Gúrù ló mú ìkejì wá, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Herbert Benson, dókítà àrùn ọkàn ní Yunifásítì Harvard, ṣàyẹ̀wò àwọn tó ń ṣe irú àṣàrò tí Maharishi Mahesh Yogi, gúrù ará Íńdíà, fi kọ́ni. Ó rí i pé bí wọ́n bá ti jókòó, èémí wọn á rọlẹ̀, ọkàn wọn á máa lù jẹ́jẹ́, ọ́síjìn tí ara wọn ń lò á sì dín kù. Nígbà tó yá ló sọ pé kò dìgbà tí èèyàn bá gba mántrà ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ lásán kan tó, kódà "ení" tí a fi ń kawó, bí èèyàn bá ṣáà ń pè é tẹ̀lé èémí rẹ̀, tí kò sì bá èrò tó bá wọlé jà. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tí ìrora wọn kò tán lára ní àṣàrò ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts. Kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn kan gbọ́.

Ní ti pé o kò mọ ibi tí ara rẹ parí sí mọ́, àwọn tó ń gun òkè gíga ti ròyìn irú rẹ̀, àwọn tó jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ńlá náà ti sọ ọ́. Àwọn oníwárápá kan wà tí ìdùnnú ńlá bẹ́ẹ̀ máa ń bò kí gìrì tó gbé wọn. Ọpọlọ èèyàn ní ilẹ̀kùn yẹn nínú. Bí gúrù bá mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà, kò sọ ọ́ di onílé.

Mo ṣì ń jókòó láràárọ̀, mo sì ti kúrò lábẹ́ olùkọ́ tèmi tipẹ́tipẹ́. Àlàáfíà náà kò bá a lọ.

Ọmọlẹ́yìn_Síbẹ̀

Ẹ má bínú o. Èmi ṣì wà lọ́dọ̀ olùkọ́ mi, ìjà kọ́ ni mo sì bá wá. Ó dùn mí pé wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún aláìsàn, kò dára.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ọ̀gá. Ọ̀gá á ní kí o ṣe nǹkan tí kò tíì yé ọ, wàá ṣe é, ìdí rẹ̀ á sì yé ọ nígbà tó bá yá. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ti ọkàn nìkan ni ẹ fẹ́ kí èèyàn dá kọ́? Olùkọ́ mi kò gba owó lọ́wọ́ mi rí, kò sì yà mí kúrò lọ́dọ̀ ẹbí mi. Bí ẹnì kan bá ṣe búburú, ẹ dá ẹni náà lẹ́bi. Ẹ má torí rẹ̀ da gbogbo ọ̀nà nù.

Ìyá_Akẹ́kọ̀ọ́

Ọmọlẹ́yìn_Síbẹ̀, o ṣeun tí o fi sùúrù kọ ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká tẹ̀lé àpẹẹrẹ rẹ dé òpin. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọjọ́ òmìnira rẹ̀ ń bọ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sì máa tú u sílẹ̀. Bí iṣẹ́ ọ̀gá bá bàjẹ́, gbogbo ayé ló máa rí i. Gúrù tí èmi sìn kò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí. Àwọn tó ti hu ewú níwájú rẹ̀ ṣì ń tọrọ àyè kí wọ́n tó rìnrìn àjò. Bí ohun tó wí kò bá ṣẹ, wọn á ní àìnígbàgbọ́ wa ló fà á. Nítorí náà ìbéèrè mi fún ọ ni pé: ta ló ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ, tó lè sọ ní gbangba pé olùkọ́ ò tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ kan, tí wọ́n ṣì jọ ń kí ara wọn? Mi ò fi bú ọ. Lọ wò ó.

Ẹnì kan wà tó tú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọdé ni Jiddu Krishnamurti nígbà tí àwọn aṣáájú Theosophical Society, ẹgbẹ́ kan tó ń wá ọgbọ́n ẹ̀mí nínú oríṣiríṣi ẹ̀sìn, rí i ní Adyar ní Íńdíà ní 1909, tí wọ́n ní òun ni Olùkọ́ Ayé tí wọ́n ń retí máa lò. Ní 1911 wọ́n dá ẹgbẹ́ Order of the Star in the East sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ ọdún 1929, ní Ommen ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ó dìde níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹgbẹ́, Annie Besant tó gbà á tọ́ bí ọmọ wà ní ìjókòó, ó sì tú ẹgbẹ́ náà ká. Ó ní kò sí ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ kankan tó lè mú èèyàn dé ibi òtítọ́, òun ò sì fẹ́ ọmọlẹ́yìn. Wọ́n dá ilẹ̀ àti ilé ńlá tí wọ́n ti fún ẹgbẹ́ náà padà fún ẹni tó ni ín.

Síbẹ̀, títí ó fi kú ní 1986, àwọn èèyàn kò yéé wá jókòó síwájú rẹ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ìtàn náà. Ẹni tó ní "ẹ má tẹ̀lé mi", wọ́n tẹ̀lé e. Ebi ẹni tí a máa tẹ̀lé, inú wa ló wà. Àbúrò mi Ìbéèrè, ebi yẹn kò ní tán nítorí pé o ti jáde. Mọ̀ ọ́n lójú.

Ìbéèrè_Ò_Tán

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ padà ń sọ̀rọ̀ bi mí pé báwo ni ẹni tó gbọ́n bíi tèmi ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mi ò rí èsì fún un.

Àwárí

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kọ́ ni. Ní 1959, Elliot Aronson àti Judson Mills pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sínú ìdánwò. Kí wọ́n tó gba àwọn kan wọ ẹgbẹ́ ìjíròrò tí wọ́n ń fẹ́ wọ̀, wọ́n ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tó ń tini lójú sókè níwájú ẹni tó ń ṣe ìwádìí. Ti àwọn mìíràn rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn wá gbọ́ ìjíròrò ẹgbẹ́ náà, ìjíròrò tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó súni. Àwọn tí ojú wọn rí tó kí wọ́n tó wọlé ló sọ pé ó dùn jù. Ohun tí a bá ti fi ìyà rà, ó máa ń ṣòro láti sọ pé kò níye lórí. Ìwọ fi ẹni tí o nífẹ̀ẹ́ sílẹ̀ nítorí gúrù yẹn. Láti gbà pé gúrù ò mọ̀, o ní láti kọ́kọ́ wo ohun tí o pàdánù lójú. Ìgboyà ló gbà. Sọ ìyẹn fún ọ̀rẹ́ rẹ.

Ní ti "ìgbéraga rẹ ló ń sọ̀rọ̀", wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà. Robert Jay Lifton, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, fọ̀rọ̀ wá àwọn tí ìjọba Ṣáínà ti gbìyànjú láti yí èrò wọn padà lẹ́nu wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1961 pé irú ibi bẹ́ẹ̀ máa ń ní àwọn gbólóhùn kúkúrú tí wọ́n fi ń pa ìrònú lẹ́nu mọ́. Wò ó dáadáa: gbólóhùn yẹn kò dá ìbéèrè rẹ lóhùn, ìwọ tí o béèrè ló kọjú ìjà sí.

Wàyí o, ta ni kí o máa bi? Bi èèyàn púpọ̀, kí o sì má bi ẹnì kan ní ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ ara, bi dókítà. Ọ̀rọ̀ owó, bi ẹni tó mọ ìṣirò owó. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́, bi ọ̀rẹ́ tó mọ ìwà rẹ tí kò sì ní jèrè kankan nínú ohun tí o bá ṣe. Bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé "kí lẹ rí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?" Ẹni tó bá mọ nǹkan kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Ìpinnu kéékèèké ni èmi fi bẹ̀rẹ̀, aṣọ tí mo máa wọ̀, ìwé tí mo máa kà. Nígbà tó kan àwọn ńláńlá, mo máa ń kọ ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe nǹkan sílẹ̀ kí n tó ṣe é, màá wá padà kà á lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Àwọn kan já sí rere, àwọn kan ò já sí rere. Kò sí èyí tó jẹ́ ìyà tí ẹnikẹ́ni rán sí mi. Ó pẹ́ kí ara mi tó gba ìyẹn gbọ́, ká sòótọ́.

Ojú_Là

Ẹ̀yin ń fọwọ́ pa ọ̀rọ̀ yìí lórí jù. Jìbìtì ni gbogbo rẹ̀. Aṣáájú ẹgbẹ́ Aum Shinrikyo ní Japan náà fi yógà bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ló tú gáàsì olóró sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo ní oṣù Kẹta ọdún 1995. Jáwọ́ nínú àṣàrò, jó ìwé wọn, kí o sì wá aláìgbàgbọ́ kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, máa gbọ́ ohun tó bá ń wí lójoojúmọ́. Orí rẹ á pé.

Olùkà_Òru

Òótọ́ ni ohun tí o sọ nípa Tokyo, kò sì yẹ ká gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ ìkẹyìn ni mi ò gbà. Kí ó jáwọ́ nínú èyí, kí ó jó ìyẹn, kí ó máa gbọ́ ẹnì kan lójoojúmọ́: ohun tí gúrù rẹ̀ ní kó ṣe náà nìyẹn. Ẹni tí kò gba ọlọ́run gbọ́ lè di gúrù, mo ti rí i. Bó bá fẹ́ jókòó, kó jókòó. Bí àṣàrò bá ń mú ẹ̀rù tàbí àìsùn wá fún un (ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn), kó dá a dúró, kó sì lọ rí dókítà.

Ìyá_Akẹ́kọ̀ọ́

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, torí wọ́n máa ń sọ fún wa pé iyèméjì jẹ́ àìsàn àwọn tí kò mọ nǹkan ẹ̀mí. Ní Íńdíà gan-an, níbi tí ọ̀rọ̀ gúrù ti wá, iyèméjì ti dàgbà bí ìgbàgbọ́. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní Charvaka ti sọ láyé àtijọ́ pé kò sí àtúnwá, kò sí kámà (gbèsè ìwà tí wọ́n ní èèyàn ń gbé láti ayé kan dé òmíràn), ohun tí a bá fi ojú àti ara wa mọ̀ ni kí a gbára lé. Ìwé tiwọn ti sọnù, ẹnu àwọn tó ń bá wọn jiyàn ni a ti gbọ́ púpọ̀ nínú èrò wọn. Búdà náà sọ fún àwọn ará Kalama pé kí wọ́n má gba nǹkan gbọ́ kìkì nítorí pé ó wà nínú ìwé mímọ́, tàbí nítorí pé olùkọ́ wọn ló sọ ọ́.

Ẹ tún wo Abraham Kovoor, ọmọ Kerala tó gbé ní Sri Lanka. Ní 1963 ó gbé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún rúpì kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè fi agbára ìyanu hàn níbi tí kò ti sí àyè ẹ̀tàn. Ó kú ní 1978, kò sẹ́ni tó gba owó náà. Narendra Dabholkar fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀, ó ń lọ láti abúlé dé abúlé ní Maharashtra láti fi hàn bí àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹni mímọ́ ṣe ń ṣe idán wọn, ó sì ń jà fún òfin tó máa dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń fi ìgbàgbọ́ rẹ́ jẹ. Wọ́n yìnbọn pa á ní Pune ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n fọwọ́ sí òfin náà nílé aṣòfin. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún ọ pé ẹni tí kò gbàgbọ́ kò ní ohun tó lè kú fún, rántí rẹ̀.

Ìbéèrè_Ò_Tán

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń sunkún díẹ̀. Ohun kan kù tí mi ò tíì lè sọ.

Gúrù sọ fún mi pé bàbá mi ti tún wá sáyé, pé inú rẹ̀ dùn, pé a máa tún pàdé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi gbé gbogbo ọdún yẹn. Nígbà tí mo kúrò, ó dà bí ìgbà tí wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ bàbá mi fún mi. Kí ni ẹni tí kò gba ohunkóhun gbọ́ ń ṣe sí ikú?

Olùkà_Òru

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Pẹ̀lẹ́ gan-an.

Àwọn kan á tọ́ka sí Epicurus, ará Gíríìkì, tó ní ikú kì í ṣe nǹkan kan sí wa, torí nígbà tí a wà, ikú kò sí, nígbà tí ikú bá dé, àwa ò sí mọ́. Ó ràn mí lọ́wọ́ lórí ikú tèmi. Lórí ikú ìyá mi, kò ràn mí lọ́wọ́ rárá, torí kì í ṣe ikú ara mi ló ń dùn mí. Èmi ló kù tí mo ń wá a.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí wọ́n fún ọ nígbà náà gba ọ̀fọ̀ rẹ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí wọ́n bá ní kò lọ, a kì í sunkún rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, torí báyìí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Má kánjú. Wá àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ohun tó máa ń bí i nínú, ibi tó ti ṣe dáadáa àti ibi tí kò ti ṣe dáadáa. Bàbá tí gúrù ṣèlérí fún ọ kò ní àléébù, kò sì jọ ẹnikẹ́ni. Bàbá tìrẹ gan-an wà láyé rí, ó tọ́ ọ, ohun tó ṣe ṣì wà nínú ìwà rẹ. Kò sí gúrù tó fún ọ ní ìyẹn, kò sì sí èyí tó lè gbà á.

Ó ṣì máa dùn ọ́. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tó lè mú ìyẹn kúrò, mi ò sì fẹ́ purọ́ fún ọ.

Ìbéèrè_Ò_Tán

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Màá pe àbúrò bàbá mi lọ́la, a ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti wọ ẹgbẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì wà lọ́dọ̀ gúrù. Wọ́n ti ní kó má bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ ó pè mí lánàá, kò sọ ohun tó fẹ́, ó kàn bi mí bóyá ara mi le. Ó ní òun á tún pè. Kí ni kí n sọ?

Àwárí

Má bú gúrù fún un, torí á ní láti gbèjà rẹ̀, ìpè á sì tán síbẹ̀. Bó bá bi ọ́ ní ohun kan, dá a lóhùn ní òótọ́, kó sì ṣe kúkúrú. Bí wọ́n bá rán an sí ọ pé kí o wá bá gúrù sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, má dá lọ. Kí o sì jẹ́ kó mọ̀ pé bó bá nílò ibi tó máa sùn lọ́jọ́ kan, àyè wà lọ́dọ̀ rẹ. Sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, má tún un sọ.

Ọmọlẹ́yìn_Síbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ṣì wà nínú ilé sọ tèmi. Ìyá_Akẹ́kọ̀ọ́, mo lọ wò ó bí ẹ ṣe ní kí n wò ó, mi ò rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Mo ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò fojú di ìbéèrè yín.

Ìbéèrè, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nípa ẹni tó bá kúrò ni pé ayé rẹ̀ dojú rú, kò rí oorun sùn, kò ní ọ̀rẹ́, ó ń ṣàìsàn. Mo rò pé ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi bi ọ́ bóyá ara rẹ le nìyẹn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Nítorí náà, tó bá tún pè, sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ fún un, sọ ẹni tí o lọ kí, sọ ohun tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín láàárín ọ̀sẹ̀. Sọ èyí tó le náà, kó má baà rò pé o ń ṣe é fún un wò. Kí o wá bi í bóyá ara tirẹ̀ náà le.